Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sin Sàídì

“Ta ló wẹ̀ ẹ́?” Baba Yésúfù tún bèèrè.

Ọlátúndé gbé ife omi tí wọ́n fi ṣe é lálejò sílẹ̀ láì mu ún. Ọdún 1958 ni, ọjọ́ kẹta tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀ òkun ni ẹ̀rù ilé yìí ní Bẹ́yẹrúńkà, ní Ìbàdàn, ti ń bà á. Sàídì, àkọ́bí Baba Yésúfù, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ka ìwé nílé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ lọ sí ìlú òyìnbó. Ó ti pé oṣù méje báyìí tí wáyà ti dé pé Sàídì kú sómi.

“Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ni, Baba.”

“Mùsùlùmí wà nínú wọn?”

“Kò sí, sà.”

Àṣàkẹ́, ìyá olóògbé, jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ká apá mọ́ orúnkún.

“Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa,” ni Baba wí. “Wáyà ò ṣàlàyé.”

Ọlátúndé sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni wọ́n wọ rélùwéè lọ́jọ́ Jímọ̀ láti lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Yọ́ọ̀kì, ìlú àtijọ́ kan tí odi òkúta ṣì yí ká. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, òun ló kọ orúkọ àwọn tó ń lọ. Sàídì rìn lórí odi náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó ní bí òun bá délé, òun yóò bi baba òun léèrè ibi tí odi Ìbàdàn gbà kọjá. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò kún. Ọkọ̀ kọlu òpó afárá, ó dojú dé. Àwọn méje ló jáde.

“Sàídì ò mọ odò wẹ̀,” ni Àṣàkẹ́ wí. “Ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Ta ló kírun sí i lára?” ni Baba bèèrè.

Ọlátúndé lè parọ́. Ó ti tò ó sílẹ̀ nínú ọkọ̀: pé àwọn Mùsùlùmí ará Íńdíà kan wá, pé wọ́n kọjú òkú sí gábàsì. Ṣùgbọ́n ojú Àṣàkẹ́ kò kúrò lára rẹ̀.

“Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ló sin ín, Baba. Wọ́n kọ Sámúẹ́lì sára igi tí wọ́n rì sórí sàréè rẹ̀. Orúkọ tí mo kọ sínú ìwé nìyẹn, òun làwọn ọlọ́pàá rí. Wọ́n bi mí bóyá ọmọ ìjọ ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Baba ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ àti òwú agbádá ti sọ di líle.

“Èmi ni mo gba Sámúẹ́lì fún un,” ló wí níkẹyìn. “Ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ò lè kọ Sàídì. Mo ní kí wọ́n kọ èyí tó bá wù wọ́n, kí ọmọ sáà ti mọ̀wé.”

“Mo sọ fún yín nígbà náà, Baba Sàídì,” ni Àṣàkẹ́ wí.

Ó dìde, ó wọ yàrá. Ọlátúndé ń retí igbe, ṣùgbọ́n obìnrin náà mú ìwé àti kálàmù jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Kọ̀wé sí àwọn tó sin ín. Sàídì ni, ọmọ Yésúfù, ará Bẹ́yẹrúńkà. Kí wọ́n pa Sámúẹ́lì rẹ́.”

“Ìyá, wọ́n lè má gbà.”

“Kí wọ́n má gbà. Ìwọ sáà kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ìwọ lo parọ́ fún wọn.”

Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kà á fún wọn ní Yorùbá. Nígbà tó parí, ó fẹ́ ká ìwé náà. Baba Yésúfù gbé ọwọ́ lé e.

“Kò tíì tán,” ló wí. “Kọ irọ́ tèmi náà sí i.”