Ibi Tí Káàdì Bò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fín ọ̀dà sára mọ́tò. Ìyàwó mi ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Yóò kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn ilé, eruku ọ̀dà yóò dìde yí orí rẹ̀ ká, yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé lẹ fín lónìí." Ìbòmú wà ní ojú mi ní ibi iṣẹ́. Kò sí ìbòmú ní ojú tirẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ó kú. Àyà rẹ̀ ni. Dókítà wo fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dà ló fà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe ọ̀dà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ojú mi rí ní ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí àìsàn náà le, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú káàdì kan wá. Aláàlàyé ni a ń pè é nínú ẹbí, nítorí kò sí ohun tí kò lè ṣàlàyé, títí kan ohun tí kò mọ̀. Káàdì náà funfun, ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní okùn búlúù tí a fi ń gbé e kọ́ ọrùn. Ó ní ó ń lé gbogbo ohun búburú inú afẹ́fẹ́ jìnnà sí ẹni tó bá gbé e kọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e kọ́ ìyàwó mi lọ́rùn. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jáde nínú yàrá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí páálí káàdì náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé káàdì yìí kì í wo àìsàn, a kò sì gbọdọ̀ lò ó dípò ìbòmú. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ká ìwé náà padà bí wọ́n ṣe ká a, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bóyá ǹ bá má sọ ọ́ láé, bí kì í bá ṣe ti àkọ́bí mi. Obìnrin ni, iṣẹ́ mi ló sì yàn. Ilé iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ló wà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi kí ó tó di ọ̀gá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ mi yà kí mi. Okùn búlúù wà ní ọrùn rẹ̀. Mo mọ okùn náà, nítorí èmi ni mo ta á ní kókó nígbà tó gùn jù fún ìyá rẹ̀.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Nínú àpótí Màámi. Gbogbo wa la ń lò ó níbi iṣẹ́ báyìí, Bàbá. Bọ̀ọ̀dá Aláàlàyé ló ń tà á fún wa."

"Ìbòmú ńkọ́?"

"Ọ̀gá kò ra fílítà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní káàdì ti tó."

"Kí ni ìwọ sọ?"

Ó fọwọ́ kan káàdì náà. "Ìbòmú ń gbóná, Bàbá. Èyí sì jẹ́ ti Màámi." Ó wúkọ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo lọ mú ìwé kékeré náà wá. Ó kà á, ó dá a padà fún mi. "Ìwé lásán nìyẹn. Ọjà wo ni kì í kọ irú rẹ̀?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra fílítà méjì, mo mú ìbòmú mi àtijọ́ kúrò lórí ìṣó, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo lọ síbẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn Aláàlàyé kí n tó wọ géètì. Ó ti tẹ́ káàdì rẹ̀ sórí mọ́tò kan tí kò ní táyà, àwọn òṣìṣẹ́ sì yí i ká.

"Ẹ ra ọ̀kan, ẹ gba èkejì lọ́fẹ̀ẹ́! Ọ̀fẹ́ ni oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ ṣáà fọwọ́ sí ibí yìí."

"Bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni mo ń fọwọ́ sí?" Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin gíga tó máa ń po ọ̀dà fún ọmọ mi. "Kí ni mo sì fẹ́ fi èkejì ṣe? Ọrùn mélòó ni mo ní?"

"Gbé e fún ìyàwó rẹ."

"Ọrùn ìyàwó mi? Bí kì í bá ṣe wúrà, kò gbà á!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláàlàyé rí mi, ó sì tẹ̀ ba kíákíá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wò ó, ẹlẹ́rìí mi ti dé. Ẹ bá mi sọ fún wọn bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ń mí dáadáa nígbà tó gbé káàdì kọ́rùn."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú."

Aláàlàyé wo àwọn òṣìṣẹ́ kí ó tó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ti ikú yàtọ̀. Ọlọ́run ló pè wọ́n."

"N kò bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Ìwọ ni mo wá bá."

Ọ̀gá jáde láti ọ́fíìsì, ó ń nu ọwọ́. "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga wá."

"Jẹ́ kí àga wà níbẹ̀. Yàrá ọ̀dà rẹ ni mo fẹ́ yá fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fẹ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì yìí kọ́ sórí ìṣó, kí n gbé káàdì kọ́ ọ láyà, kí a fín ọ̀dà sí i. Ohun tí a bá rí, kí gbogbo wa rí i."

Aláàlàyé gbé ọwọ́ sókè. "Kò lè ṣiṣẹ́ lára ìṣó o! Ara gbígbóná ló ń jí i. Bí kò bá sí ara, kò sí agbára. Sáyẹ́ǹsì ni."

"Ó dáa. Ara mi ṣì gbóná. Èmi ni kí ẹ fín."

"Bàbá!" Ọmọ mi ti dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Fún mi ní káàdì ọrùn rẹ."

Kò fún mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Aláàlàyé ló yára dáhùn fún un. "Ìyẹn kò dáa fún ìdánwò, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn ti kú. Oṣù kan péré ni ó ń lò, lẹ́yìn náà a máa ra òmíràn."

Mo yíjú sí i. "O ní ó ti kú."

"Ó ti pẹ́ tó ti kú."

"O rí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbé òkú káàdì kọ́rùn, tó ń wọ inú ọ̀dà lọ lójoojúmọ́ láìsí ìbòmú, o sì dúró níbí, ò ń wò ó?"

Aláàlàyé bẹ̀rẹ̀ sí í tún káàdì tó ti tò tẹ́lẹ̀ tò. Ọmọ mi ń wò ó. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì bọ́ káàdì tirẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó nà án sí mi. "Ẹ gba tèmi, Bàbá. Àná ni mo rà á. Kò tíì kú, àfi bí ó bá jẹ́ pé òkú ni wọ́n bí i."

Mo gbé e kọ́rùn. Mo fi fílítà sí ìbòmú mi, mo dè é mọ́jú, mo fi èkejì sí ti ọmọ mi, tí eruku ti bò lórí pákó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fílítà láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé, ó fa èémí, ìbòmú náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú dáadáa. N kò rán an létí. Nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún ni mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀dà pupa ló wà nínú ìbọn tí a fi ń fín ọ̀dà. Mo wọ yàrá ọ̀dà, mo dúró ti ògiri. Ọmọ mi dúró síwájú mi, ó ní, "Bàbá, n kò lè ṣe é."

"Bí ẹni ń fín ilẹ̀kùn. Ojú mi nìkan ni kí o má fín."

Ó fín mi láti èjìká dé ìgbànú, ní àlọ àti àbọ̀.

Mo jáde sínú oòrùn, mo dúró níwájú wọn, mo sì fi okùn gbé káàdì náà kúrò láyà. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi pọ́n. Ibi tí káàdì bò nìkan ló funfun, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ gún régé bí ẹni fi rúlà fà á.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì súfèé.

"Ó ṣiṣẹ́," mo ní. "Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, a kò sì gbé e kọ́rùn rí. Ẹni tí ihò imú rẹ̀ bá wà ní àyà, kí ó ra káàdì."

Ẹ̀rín bú jáde. Aláàlàyé ń kó ọjà rẹ̀ jọ, síbẹ̀ kò dẹ́nu dúró. "Ọ̀dà tí ojú rí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ojú kò rí ni káàdì ń bá jà."

"Nígbà náà, lọ tà á fún ẹni tí ojú kò rí."

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ọmọ mi nawọ́ láti gbà á. "Ẹ mú un wá, màá bá yín fọ̀ ọ́."

"Rárá." Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Aṣọ yìí kò ní dé ilé. Kò sí ẹni tí yóò gbọ̀n ọ́n." Mo sọ ọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí.

Ó wo àgbá náà, ó wò mí. Mo rò pé ó yé e. Ó bọ́ káàdì ìyá rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó rọra ká okùn rẹ̀, ó fi í sí àpò.

"Ti ìyá rẹ ni," mo ní. "Tọ́jú rẹ̀ sílé. Má gbé e wọ ibí yìí mọ́."

Ọ̀gá họ orí. "Ó dáa, Bàbá. Màá ra fílítà lọ́la. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ń bọ̀ wá gbé mọ́tò rẹ̀ lónìí, ó ku ilẹ̀kùn kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fín in."

"Lọ́la ni kí wọ́n fín in nígbà náà."

Mo yí àgbá òfìfo kan, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọ̀dà, mo jókòó lé e ní síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, n kò lè tì yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ ti ilé iṣẹ́ mi pa ni?"

"Yàrá kan ṣoṣo ni."

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ti ní fílítà. Wọlé, jọ̀ọ́. Àbí kí n wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é?"

Mo fi í sílẹ̀ fún ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, àyà rẹ̀ sì ni. Mo fún ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ mọ́ra lórí orúnkún.

"Pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó ń po ọ̀dà kò ní tirẹ̀," ọmọ mi dáhùn. "Èmi nìkan kọ́ ni mo ń mí níbẹ̀, Ọ̀gá." Ó gbé àgbá mìíràn wá, ó gbé e ti tèmi, ó jókòó. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì fi ẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ó ká apá. Bí ó ṣe ga tó, ojú ọ̀nà kún.

Oníbàárà náà dé, ó dúró ní géètì, ó ké sí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ó ti ṣe tán?"

Ọ̀gá wo ọmọ mi. Ọmọ mi kò dìde.

"Kò tíì ṣe tán, sà," Ọ̀gá dáhùn sókè. "Fílítà la ń dúró dè."