Ilé Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Ìrètí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ mú un, nítorí wọ́n ti bú ọmọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún kẹta rèé tó ti Abẹ́òkúta dé ìlú òyìnbó pẹ̀lú físà àwọn olùtọ́jú, ilé àwọn arúgbó tí wọn kò lè dá nǹkan ṣe mọ́ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá Màmá Olúyọmí gbé àpò ìrẹsì wọlé rẹ̀ ní Goresbrook, ó rí lẹ́tà káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lórí tábìlì. Wọ́n ti fún Màmá ní fúláàtì nínú ilé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, nítòsí Heathway. Ilé àgbà kan ṣoṣo tí Ìrètí mọ̀ nílùú yìí ni èyí tó ti ń fi ṣíbí bọ́ ènìyàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìjọ Aládùúrà wọn ti gbọ́ pé àwọn ọmọ Màmá fẹ́ lọ jù ú sílé arúgbó.

Màmá Olúyọmí wá kọ́ lẹni tí ènìyàn ń gbé jù síbì kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tó ti jẹ́ Ìyá Ìjọ. Òun ló ń jókòó ti abiyamọ, òun ló ń parí ìjà tọkọtaya, òun náà ló ń sọ fún àwọn àgbà ọkùnrin pé ìwàásù wọn ti gùn jù. Ó fẹ́ràn oyè náà gan-an, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì wá fúláàtì náà. Káńsù ló kọ̀wé sáwọn àgbà tó ń dá gbé ilé ńlá pé ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sílé kékeré, àwọn á fún un láyè ṣáájú ẹlòmíràn, àwọn á sì bá a kó ẹrù, kí àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè rí ilé ńlá gbé. Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá mẹ́ta ló wà lókè ilé rẹ̀, ọdún méjì sì rèé tó ti ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀, bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Kò sọ fún ọmọ, kò sọ fún ìjọ. Ó buwọ́ lùwé.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta kan ilẹ̀kùn. Àpọ́sítélì Morákinyọ̀ ló ṣíwájú wọn, aríran ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ń fi ọ̀pá rìn.

“Ìyá Ìjọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó,” ló wí. “Kí la máa sọ fáwọn ará ilé? Pé Màmá wa wà ní home? Ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́! It's a disgrace, ma. Ẹni tí kò rí ẹni tọ́jú òun, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ìyá fún gbogbo wa?”

“Kì í ṣe care home, sà. Fúláàtì mi ni. Kọ́kọ́rọ́ mi, ilẹ̀kùn mi, ìkòkò ọbẹ̀ mi.”

“Orúkọ yòówù kí òyìnbó pè é, ilé arúgbó ni. Bí ẹ bá kó lọ síbẹ̀, ẹlòmíràn la máa fi sípò yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi la máa kéde rẹ̀.”

Ó dùn ún dé egungun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé fóònù láti pe káńsù pé òun ò ṣe mọ́. Àfi bí Olúyọmí ọmọ rẹ̀ ṣe pè wọlé láti Birmingham.

“Mummy, gbogbo wàhálà yìí! Ẹ kúkú wá máa gbé lọ́dọ̀ wa.”

“Kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ kí n tó gbé ìkòkò kaná? Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo.”

Bó ṣe gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó mọ̀ pé òun ò ní pe káńsù mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kó ẹrù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó se mọ́ínmọ́ín tó lè bọ́ ogójì ènìyàn, ó sì pe gbogbo ìjọ wá gbàdúrà ìṣílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Àwọn àgbà ló rán Àpọ́sítélì Morákinyọ̀ pé kó lọ wo bí ibẹ̀ ṣe burú tó. Màmá jẹ́ kó tẹ aago ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó wù ú bẹ́ẹ̀.

Bàbá wọlé, ó ń wò yí ká. Ó wá ẹni tó ń kérora, kò rí. Ó wá òórùn oògùn, òórùn mọ́ínmọ́ín ló gba imú rẹ̀ kan. Ó béèrè ilé ìwẹ̀, ó wọ ibẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde mọ́.

Ilé ìwẹ̀ náà tẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí omi ti ń tú. Ìjókòó wà lára ògiri, irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún lósì, okùn pupa kan sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lokùn náà wà fún, kó fi pe òṣìṣẹ́ fún ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tan iná ilé ìwẹ̀ káàkiri ìlú yìí, Àpọ́sítélì sì fà á.

Màmá wà ní kíṣìnì nígbà tí ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ara ògiri, jẹ́ẹ́jẹ́, lédè òyìnbó.

“Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́?”

Bàbá tó ti ń gbọ́ ohùn láti òkè fún ogójì ọdún wá dáhùn bí ọmọdé.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́.”

Màmá fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá kò tíì tán.

“Mi ò lè gòkè mọ́, Olúwa. Láti Kérésìmesì ni mo ti ń sùn sórí àga ní pálọ̀. Òkè nilé ìwẹ̀ wà, ẹ̀bá ṣíǹkì kíṣìnì ni mo ti ń fi táwẹ̀lì nu ara. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ojú ń tì mí.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Màmá. Ohùn náà ní òun ò gbọ́ èdè yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Màmá sáré tẹ bọ́tìnì tó wà lára ògiri láti dá a lóhùn.

“It's my visitor, darling. We are all right.”

Bàbá ṣílẹ̀kùn. Ó wo bọ́tìnì, ó wo Màmá, ó sì yé e.

“Ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Màmá lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ó tọ́ sí i, àbí kò tọ́ sí i? Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Ó fa àga fún un.

“Èmi náà, ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀, fún ọdún méjì gbáko. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.”

Wọ́n wo ara wọn títí ẹ̀rín fi bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bàbá jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Ó dìde, ó gbàdúrà sígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, ó sì lọ láìsọ iṣẹ́ tó máa jẹ́ fáwọn àgbà.

Nítorí náà, pẹ̀lú ìfòyà ni Màmá fi wọ ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó mọ̀ pé ọkùnrin lè fi iyì ìyá rẹ̀ pàápàá bo àṣírí ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé orí sókè, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ìrètí kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí àsìkò ìkéde tó, Àpọ́sítélì fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

“Ìyá Ìjọ wa ti ṣílé,” ló wí. “Mo débẹ̀. Ìyá Ìjọ wa náà ni títí láé, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ipò níbí mọ́. Ẹni tó bá tún pe ibẹ̀ ní ilé arúgbó, kó wá pè é lójú mi.” Ó yíjú sí àwọn àgbà tó rán an. “Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà á pe káńsù. Èmi ló kàn.”

Orí Màmá Olúyọmí wú, kì í ṣe nítorí oyè nìkan, bí kò ṣe nítorí ọkùnrin àgbàlagbà tó dúró níwájú gbogbo ìjọ, tó sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn ìyá àgbà kan ti ẹ̀yìn wá, kò sì rọra béèrè rárá.

“Àpọ́sítélì, fúláàtì mélòó ló kù níbẹ̀?”