Ọmọ Tó Yan Alágbàtọ́ Rẹ̀

"Gbé òkú ìyá rẹ lọ síbòmíràn, Orlena! Ẹ̀jẹ̀ Absalom nìkan ló ń sùn lórí òkè wa!"

Delmer Sizemore ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìwé àtijọ́ ní kóòtù kaunti wa, níwájú Nerva akọ̀wé. Ìbátan mi ni Delmer. Baba ńlá kan náà la jọ ń pè, Absalom, tó kú ní 1841, tó fi opó rẹ̀, Keziah, àti ọmọkùnrin méjì sílẹ̀: Lemuel tó bí ìran Delmer, àti Hiram tó bí ìran tèmi. Ọwọ́ Delmer ni kọ́kọ́rọ́ ibojì ẹbí tó wà lórí òkè wà. Ìyá mi wà ní mọ́ṣúárì, Sátidé la fẹ́ sin ín, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wá sílé, ọkùnrin yìí wá ní Hiram kì í ṣe ọmọ Absalom.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwé kóòtù!" Ó ju bébà kan sórí tábìlì. "Nígbà tí Absalom kú, Lemuel fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé yìí, ó yan alágbàtọ́ tó wù ú. Hiram ńkọ́? Adájọ́ kàn fà á lé aládùúgbò kan lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó sọnù. Ojúlówó ọmọ ló ń yàn. Èyí tí wọ́n ṣà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á yàn fún un!"

Ara fu mí. Delmer tí kì í ka nǹkan kan ju èsì bọ́ọ̀lù lọ, ìgbà wo ló di ọ̀rẹ́ ìwé? Mo wo bébà náà dáadáa. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́, kò sì ju ìlà méjì lọ.

"Kí lo fò nígbà tó ò ń dà á kọ?"

"Ọ̀rọ̀ lọ́yà lásán ni."

"Irọ́! Ojú rẹ ń sá kiri bíi ti ajá tó jí ẹran nínú ìkòkò."

Nerva ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Adájọ́ ń jẹun lókè."

"Kó máa gbé e mì lọ. Gbé ìwé 1841 gan-an wá."

Nerva kọ́kọ́ wo ojú Delmer kó tó dìde. Ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá Nerva àti Delmer jọ ń dọdẹ. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí pẹpẹ ìwé, n kò gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi gbé ìwé ńlá náà sórí tábìlì.

"Ìwọ ni kó o kà á, Delmer. Tí mo bá kà á, wàá ní mo fi tèmi kún un."

Ó wọ awò, ó húkọ́, ó kà á bí oníwàásù: "'Lemuel, ọmọ Keziah, wá síwájú kóòtù, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì yan Obadiah Tackett ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Hiram jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò tíì pé mẹ́rìnlá, kóòtù sì yan alágbàtọ́ fún un.' Ṣé o gbọ́? Ó yàn!"

"Òfin ìgbà náà nìyẹn, olóríburúkú. Ọmọ tó bá ti pé mẹ́rìnlá ló ń yan tirẹ̀. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Lemuel wá di ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ̀gbọ́n kò ju àbúrò lọ ni?"

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ sára òkúta tó wà lẹ́nu géètì ibojì?"

"Èmi ni. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

Ó gbé àyà síwájú. "'Absalom Sizemore, tó ti Carolina wọ òkè wọ̀nyí ní 1830, tó sì fẹ́ Keziah, opó Tackett, lọ́dún náà.'"

Nerva ti ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Yọ mẹ́rìnlá kúrò nínú 1841, Delmer."

Kò yọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí bébà tirẹ̀. Mo bá a yọ ọ́.

"1827. Lemuel ti ń sáré kiri nílé ọkọ àárọ̀ Keziah kí Absalom tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tó fi lọ yan Tackett, ará ilé bàbá rẹ̀. Orúkọ lásán ni Absalom fi ta á lọ́rẹ."

"Orlena..."

"Àwọn Tackett ní ibojì tiwọn lódìkejì odò. Lọ bá wọn, kí wọ́n tètè ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹ."