Àwọn Tó Ń Gbọ́ Mọ́mì Peckham

Àsúmáù kò tíì fọ ẹnu tó fi gbé fóònù sún mọ́ ètè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n òní lọjọ́ pé. Ẹ jáde, ẹ lọ dìbò yan ààrẹ yín. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí mo sọ lórí owó ibodè tí wọ́n fẹ́ máa gbà lórí ọjà tó ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè yẹn. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa san án. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó ọjà wá ló máa san án. Owó oúnjẹ máa wálẹ̀. Èmi Mọ́mì Peckham ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ohùn náà ránṣẹ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì jókòó tì í. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ló kọ́kọ́ dáhùn. Ẹnì kan láti Houston pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan láti Chicago ní, "Ẹ ṣé, ìyá wa." Sàká, tí kì í pẹ́ dáhùn, ní kí Ọlọ́run dá a sí fún àwọn. Ìgbà tó ka gbogbo rẹ̀ tán ló tó dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Kò sí ẹni tó yàn án sípò. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, tí orúnkún sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú arúgbó tó ń ṣe ní Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé dákẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rahmah. Brockley ni Rahmah ń gbé, kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni, ṣíìfù rẹ̀ kì í jẹ́ kó ráyè. Bàsítì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, ló fi í sínú gúrúùpù Wásáàpù àwọn Yorùbá ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ìbò, ó fi ohùn dá sí i. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ jọ ti ìyá àwọn nílé. Wọ́n ní kó tún sọ̀rọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń wo fídíò, ó ń fi Yorùbá tú u, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Inú fídíò kan ló ti rí ọ̀rọ̀ owó ibodè. Ọkùnrin tó wọ kóòtù ló ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gbọ́. Kò béèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

Kò tíì mu tíì rẹ̀ tán tí aago ẹnu ọ̀nà fi dún. Rahmah ni. Aṣọ iṣẹ́ wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítorí àìsùn.

"Ṣé kò sí o? O ò sọ pé o ń bọ̀."

Rahmah kò jókòó. Ó na fóònù tirẹ̀ síwájú, ohùn tí Àsúmáù fi ránṣẹ́ lórí owó ibodè lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn sì jáde láti inú rẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni! Ó ti dé ibi iṣẹ́ yín?" Inú rẹ̀ ti dùn kó tó wo ojú ọmọ náà dáadáa.

"Waris tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ló gbé e sí mi létí. Àǹtí rẹ̀ ní Chicago ló fi ránṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, Mummy. Kò mọ̀ pé ìyá mi ni."

"Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?"

"Torí pé kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá kó ọjà wọ Amẹ́ríkà ló ń san owó yẹn fún ìjọba wọn. Tó bá san án tán, á fi lé owó ọjà. Ọrùn àwọn tó ń rajà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa wà. Àǹtí Waris ti ní kí gbogbo ilé òun lọ dìbò torí ohun tẹ́ ẹ sọ."

Àsúmáù fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ó rántí àpótí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Ìsẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kó san owó ibodè kó tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n tó fi í ránṣẹ́ kọ́ ló san án. Òun ni, lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà.

"Ẹni tó wù wọ́n ni kí wọ́n dìbò fún," Rahmah ní. "Mi ò bá yín dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ torí irọ́." Ó ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. "Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ bi mí?"

"Mo pè ọ́. O ò gbé e."

Rahmah wolẹ̀. Ó ní ó yẹ kóun lọ sùn kí ṣíìfù mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, òtútù òde ṣì wà lára kóòtù rẹ̀, ó sì lọ.

Àsúmáù kò lè jókòó sílé. Ó wọ bàtà, ó gba Rye Lane lọ. Àwọn tó ń ta ẹja ń pariwo, obìnrin kan ń na ìwé ìpolówó àwọn onídìrí sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ọmọ ìjọ kan ń fi gbohùngbohùn wàásù. Èrò ń fi èjìká gbá a. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń dìbò níbì kan. Kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. Ó rìn títí dé ibùdókọ̀, ó yí padà, kò ra nǹkan kan. Nínú fóònù tó wà lápò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní ìyá. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tó bá sọ òótọ́.

Nígbà tó padà dé ilé, kò bọ́ kóòtù. Ó gbé fóònù, ó sọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún sọ ọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tí mo sọ lórí owó ibodè. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ni, mo sì sọ ọ́ bíi pé mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ọrùn àwọn tó ń rajà ní Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn máa wà. Ẹ dìbò fún ẹni tó bá wù yín. Ẹ má ṣe é torí tèmi."

Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Kò sí àtẹ́wọ́.

"Ta ló sanwó fún yín?" Sàká ló kọ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Mọ́mì, mo ti dìbò tèmi ṣáájú ọjọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ọ̀rọ̀ yín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí?"

Èyí ló dùn ún jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò rí ohun tó lè sọ tó máa dá ìbò náà padà. Níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni ojú fóònù náà ti yí padà. Bàsítì ti yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Àyè tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sí kò sí mọ́.

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó kírun Àsárì lórí àga nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tó sálámà. Ó ṣì wà lórí àga náà nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni, kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé ẹni tó fẹ́ bú òun ni, ṣùgbọ́n ó gbé e.

"Ṣé Mọ́mì Peckham nìyẹn?" Ohùn àgbàlagbà ni. "Mìsítúrà lorúkọ mi. Maryland ni mo wà, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Inú gúrúùpù ni mo ti mú nọ́ńbà yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ owó ibodè yẹn—"

"Ìyẹn kọ́. Èmi ò tiẹ̀ lè dìbò níbí, èmi kì í ṣe ọmọ ìlú wọn. Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ owó ibodè yẹn ò yé mi rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá. Tí gbogbo wọn bá ti jáde, màá tan ohùn yín sílẹ̀. Bó bá parí, màá tún un tàn. Mo rí i pé wọ́n ti yọ yín. Ta ló wá máa bá mi sọ̀rọ̀?"

Àsúmáù gbé fóònù sún mọ́ etí. Ó ronú kan àwọn tó ń kí i pé ẹ ṣé, ìyá wa. Ó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ooru, ó ń sọ bí ọrọ̀ ajé yóò ṣe rí fún wọn, ó ń sọ ohun tí ìbò wọn yóò ṣe. Kò tíì bi ẹnì kankan nínú wọn ní ìbéèrè kan rí.

"Mìsítúrà," ó ní. "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ohun tí mo jẹ kẹ̀?" obìnrin náà ní. Lẹ́yìn náà, Àsúmáù gbọ́ tí obìnrin náà fa àga, tó jókòó láti dá a lóhùn.