Ìwé Ìpè Tó Ń Lé Àlejò Sẹ́yìn

Ẹ sún fún mi díẹ̀ kí n jókòó, ẹ má sì tíì wo ojú mi. Àlá tí mo lá lọ́sàn-án òní, bí wọ́n bá gbé e lé erin lórí, orúnkún erin á yẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìyá Mofẹ́ ní òun ń lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun l'Ábújá, ogójì ọjọ́ péré. Oṣù kẹjọ rèé. Ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pọn omi ìwẹ̀ ara ẹ̀. Ilé wá dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú àwo. Ìyẹn ló sún mi ra ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìtòkú: ọ̀kan lórí sinimá, ọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ̀wé, ọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe ń to ìlú. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún, mo ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni tó po ògì, gààrí àti èlùbọ́ sínú igbá kan. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi.

Kí n tó mọ̀, ọ́fíìsì àwọn tó ń to ìlú ti léfòó wá sókè òrùlé mi, tòun ti tábìlì, tòun ti fáìlì. Ọ̀gá wọn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ọwọ́ náà gùn tó ọ̀nà Ṣàgámù, ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri mi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ní títì ọlọ́nà méjì ló máa gba ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi wà, torí nínú ìwé tiwọn, ilé tí àlejò kankan ò bá wọ̀ fún oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ilé mọ́, ilẹ̀ òfìfo ni.

Mo fẹ́ jiyàn, ògiri mi bá gbẹnu sí i. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi gan-an ti gbàgbé bí ẹ̀rín ṣe ń dún."

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ ń gbé ni, n ò bá a jà. Ọ̀gá ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá lè yà sílé mi kí òun tó mu tíì òun tán, òun á nu ọ̀dà náà kúrò.

Bẹ́ẹ̀dì mi bá di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo to lẹ́tà òjé sójú ẹ̀, pé kí gbogbo ìlú wá kí mi. Mo tò ó kó ṣeé kà geere, bí ọmọlúàbí. Ìwé kúkú sọ pé òdì ni wọ́n ń to lẹ́tà kó tó lè bọ́ sórí pépà dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti fo ojú ewé yẹn, torí kò ní àwòrán. Mo tẹ igba ọ̀kẹ́. Gbogbo ẹ̀ jáde lódì. Ẹni tó bá sì kà á, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà á yí sódì, á máa fẹ̀yìn rìn lọ. Gbogbo Abẹ́òkúta fẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń juwọ́ sí mi tìfẹ́tìfẹ́, títí wọ́n fi já sódò Ògùn. Làmídì, ìwọ aládùúgbò mi yìí lo kọ́kọ́ já sí i.

Tíì ọ̀gá ti ku ìdajì. Ni ìmọ́lẹ̀ sinimá bá bọ́ sára ògiri mi, Ìyá Mofẹ́ yọ níbẹ̀, ó ga ju àpáta Olúmọ lọ, ó ń wẹ ọmọ.

Mo ní, "Ìyá Mofẹ́, bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ni kó o gbé wọlé, wọ́n fẹ́ fi ilé wa ṣe títì."

Kò gbójú sókè. "Bàbá Mofẹ́, bí mo bá bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò di orí ọmọ mú?"

"Gbé e dání máa bọ̀."

"Ọṣẹ wà lójú ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé àlejò ni mí nílé yẹn? Onílé ni mí. Ẹ lọ wá àlejò. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ilé ta lẹ ti yà látìgbà tí mo ti lọ?"

Mo gbójú sókè sí ọ̀gá, bóyá á bá mi wá èsì. Ọ̀gá ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń jẹ àwòrán ìlú. Ó ti jẹ Ìbarà, ó ti jẹ Ìjẹmọ̀, ó wá kan ilé mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ilé tìrẹ yìí rọrùn-ún jẹ. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni tó máa há mi lọ́fun."

Ó gé e jẹ. Mo jí.

Àṣé orí ìwé ni mo sùn lé. Òógùn ti jẹ́ kí yíǹkì ojú ewé náà tẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ lódì, ìlà mẹ́rin gbáko. Ẹ lè máa wo ojú mi wàyí. Dígí wà nílé o, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wo inú ẹ̀, màá kà á geere fúnra mi. Mo kẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà, mo wá síbí.

Làmídì, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí ìrọ̀lẹ́ yìí ò bá jẹ́ kó o ríran, iná wà ní pálọ̀ mi. Àga méjì ló wà níbẹ̀.