Ogójì Ọdún Lórí Pápá Egan

Nígbà tí Tíṣà Ọláwùmí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Egan, ohun tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé bí òun bá bá èèyàn ogún níbi àjọ̀dún ogójì ọdún pápá yìí, kí òun dúpẹ́. Ta ló tún ń rántí pápá ìṣeré láyé ìsinsìnyí?

Ogójì ọdún sẹ́yìn, oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkọ̀lé-Èkìtì dé ni Ọláwùmí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré sísá, ṣùgbọ́n etí títì ni wọ́n ti ń sá a. Ọjọ́ tí mọ́tò gbá ọ̀kan nínú wọn, tó kán an lẹ́sẹ̀, ló gba ilé Bàbá Ṣàíbù onílẹ̀ lọ tààrà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa níbi tí a ó ti máa sáré."

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, ilẹ̀ tí mò ń dáko sí? Nítorí eré?"

Ọláwùmí ò bá a jiyàn. Ó ní kó kàn wá wòran lọ́jọ́ kejì. Bàbá wá lóòótọ́. Ìgbà tí ọmọbìnrin kékeré kan fò kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹyẹ, tó fi gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn, Bàbá dìde láìmọ̀.

"Àbí Nùsírátù ọmọ mi nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n bá Bàbá lóko, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tu.

Báyìí, Ọláwùmí ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin wọ inú géètì, ó sì dúró gbagidi. Èèyàn kún etí pápá yípo. Nùsírátù, tó ti di ìyá ọlọ́mọ, ló mú máìkì.

"Gbogbo ẹni tí Tíṣà kọ́ ní eré sísá níbí, ẹ bọ́ sínú pápá jàre!"

Wọ́n ń bọ́ sí i. Báyọ̀dé tó ti hewú. Hamdalah nọ́ọ̀sì, nínú aṣọ iṣẹ́. Àwọn tó wá láti Baruwa, láti Dopemu, àwọn tí Ọláwùmí ti gbàgbé orúkọ wọn. Wọn ò tán. Koríko pápá ò hàn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ni, ilẹ̀ ń mì, Ọláwùmí sì ń gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé àyà. Ó di irin géètì mú. "Olúwa mi o," ló ń wí, "gbogbo èyí?"

Nùsírátù wá bá a, ó kúnlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. "Ẹ̀yin ló kù, mà."

"Èmi kẹ̀? Mi ò lè sáré mọ́."

"A ò ní sáré, mà. A máa rìn ni."

Ni àwọn tó ń sáré bá dúró, wọ́n pín sí méjì, wọ́n lanà fún un. Ó rìn gba àárín wọn kọjá díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó kúrò lójú kan títí ó fi yí pápá náà ká.