Àwọn Tí Kò Fèsì

Mọ́kànlélọ́gọ́ta... mo tún un kà — mọ́kànlélọ́gọ́ta náà ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ wọ́n kúrò lára àwọn aláìsàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ọrùn-ọwọ́, orí mi sì wú nígbà yẹn. Ọ̀gá wa, Emrys Hopkin, ní mo káre. Ìdúró oṣù mẹ́rìnlá ti di mẹ́sàn-án. Ó ní lọ́la òun á sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pé Mererid ló ṣe é.

Èmi ni Mererid. Èmi ló ṣe é.

Kí ni mo ṣe gan-an? Mo kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ orúkọ yín síbí, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá dá a padà, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, tàbí ó ti kú, tàbí... ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ Idwal Prosser wá sójú fèrèsé ọ́fíìsì mi láàárọ̀. Kò sí abúlé kan lórí òkè Wales yìí tí kò tíì bá àwọn ará ibẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn rí. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún lé pátákó iwájú mi bí ẹni gbé òkú ẹja kalẹ̀, mo sì rí i — ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jìn wọnú, ẹran ibẹ̀ ti gbẹ.

“Ọmọ mi, mo rí lẹ́tà yín. Mi ò lè di bírò mú ni.”

Olwen ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a kọ̀wé. Olwen ti kú. Dókítà tó yẹ ọwọ́ Idwal wò ní ohun tó tẹ iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù. Iṣẹ́ abẹ á gba ìrora kúrò, ṣùgbọ́n ẹran tó gbẹ ti lọ nìyẹn. Mo ní màá dá orúkọ rẹ̀ padà. Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi...

Mo sọ fún Hopkin. Ó ní ẹyọ ẹnì kan ni.

Ẹnì kan. Ṣé ẹnì kan ni lóòótọ́? Mo ṣí ìwé àyẹ̀wò àwọn tí mo yọ — ìka mẹ́ta ti kú, ọwọ́ méjèèjì, kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́, ìka ti kú, ìka ti kú... Àwọn tó dá lẹ́tà padà ńkọ́? Ọwọ́ tiwọn ṣì ń kọ̀wé.

N kò mú ẹnikẹ́ni yára dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn tí àìsàn yìí mú jù ni kò lè fèsì. Àwọn gan-an ni mo lé kúrò lórí ìlà.

Mo tẹ nọ́mbà ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn tí mo yọ. Fóònù ń dún... ó ń dún. N ò gé e. Bóyá ọwọ́ kan ṣì ń tiraka láti gbé e.